Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Agbépo fún Kàtàpílà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò máa gbé dísù àti ọ́ìlì lọ bá kàtàpílà ní sáìtì, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Táǹkì lítà mélòó ni kí n ṣe?” Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Àwọn ẹ̀rọ tí ọkọ̀ náà fẹ́ máa sìn ni kí a kọ́kọ́ wò: mélòó ni wọ́n, ibo ni wọ́n wà, kí ni wọ́n ń mu lójúmọ́, irú ọ̀nà wo ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá bi ara wa pé báwo ni epo yóò ṣe ti inú ọkọ̀ dé inú ẹ̀rọ láì mú omi àti ìdọ̀tí dání. Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, iye lítà tó yẹ kò ní ṣòro fún un láti mọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan níbí ní Abẹ́òkúta. Ìdí mẹkáníìkì ní Láfẹ́ńwá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi ẹ̀rọ ńláńlá lé mi lọ́wọ́. Orí àpáta ni ìlú wa jókòó lé, àpáta yẹn náà ló sì mú kí kúárì pọ̀ ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá. A ń fọ́ òkúta níbẹ̀, a sì tún ń ṣe ọ̀nà káàkiri. Ẹ̀rọ wa kì í jókòó sójú kan: ẹskabétọ̀ lè wà nídìí àpáta lónìí, kí gíréídà àti rólà wà lójú ọ̀nà tó jìn sí yáàdì lọ́la. Ọkọ̀ agbépo ló ń yí gbogbo wọn ká. Ọjọ́ tí kò bá lè jáde, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo bá àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé dísù. Ọmọ iṣẹ́ á gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lé èjìká, á fẹsẹ̀ kan tẹ ṣéènì, á fa ara rẹ̀ gòkè, ẹlòmíràn á di àrọ mú lẹ́nu táǹkì. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá kò lè kún táǹkì ẹskabétọ̀ kan tó ti gbẹ, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń lò ń gbà ju lítà 300 lọ. Bí wọ́n bá dà á tán, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé àrọ sí. Kúárì sì nìyí, níbi tí eruku òkúta ti ń bo ewé igi mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi funfun. Gbogbo eruku tó bà sínú àrọ ló ń bá dísù wọlé. Àwọn mìíràn ní tiwọn ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa rìn wá síbi dúrọ́ọ̀mù. Ẹskabétọ̀ tó ń fi ṣéènì rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 5 lọ ní wákàtí kan, ìrìn yẹn gan-an ló sì ń jẹ ṣéènì àti àwọn rólà abẹ́ rẹ̀. Nínú owó àtúnṣe ẹ̀rọ oníṣéènì, abẹ́ rẹ̀ nìkan lè kó tó ìdajì. Ẹni tó bá ti fowó ra ṣéènì tuntun rí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ mu epo.

Ìwúwo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò. Lítà dísù kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 0.84, nítorí náà lítà 5,000 á tó tọ́ọ̀nù 4.2. Táǹkì irin tó gbà á lè tó tọ́ọ̀nù kan fúnra rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì lítà 200 kan sún mọ́ kílò 200 tòun ti irin rẹ̀. Ẹ gbé mẹ́rin lé e. Ẹ fi pọ́ǹpù, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, họ́ọ̀sì àti rílì tí a ń ká wọn sí kún un, kí dírẹ́bà àti ọmọ iṣẹ́ tún jókòó síwájú. Ó ti ń lọ sí tọ́ọ̀nù 6 àbọ̀. Mercedes 911 àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré wá, torí pé ó lágbára, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà iwájú rẹ̀ dáadáa: 9 yẹn ni tọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe é fún, tọkọ̀ tẹrù lápapọ̀, 11 ni agbára ẹṣin 110 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Bákan náà ni 1418 ṣe jẹ́ tọ́ọ̀nù 14 àti agbára ẹṣin 180. Bí ẹ bá yọ ìwúwo 911 fúnra rẹ̀ kúrò nínú 9, ohun tó kù kò lè gba tọ́ọ̀nù 6 àbọ̀.

Ọkọ̀ kan wà ní yáàdì wa tí wọ́n ti kọ́ táǹkì lé kí n tó dé. Wẹ́dà tó ṣe é jó ẹsẹ̀ táǹkì mọ́ ṣáńsì, irin gígùn tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, tààrà. Ojú ibi tó jó mọ́, ó dán, kò sí ẹni tí yóò wò ó tí kò ní yìn ín. Nígbà tí mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti dípẹtà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ṣáńsì. Mo fi àkísà nù ún, kò kúrò. Wọ́n ṣe ṣáńsì lọ́rì kó lè máa lọ́ díẹ̀ bí táyà kan bá gun òkúta. Táǹkì tó kún fún epo kì í lọ́. Ẹni tó bá jó méjèèjì pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya. Férémù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sórí ṣáńsì, kí wọ́n fi bóòtù àti sípíríǹgì mú iwájú táǹkì, kí ṣáńsì lè ráyè máa ṣe tirẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ́ táǹkì lé, ẹ má wo ọ̀dà rẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ̀rọ ń mu. Ẹskabétọ̀ tọ́ọ̀nù 20 tó ń walẹ̀ gidi lè mu lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8, lítà 120 sí 160 nìyẹn. Péélódà kì í jìnnà sí i. Búlídósà ńlá lè ju lítà 35 lọ ní wákàtí kan. Sáìtì tó ní ẹskabétọ̀ mẹ́ta, péélódà méjì, búlídósà kan àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá tí a fi ń lu ihò sára àpáta yóò mu nǹkan bíi lítà 1,300 lójúmọ́. Mi ò ka jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìfọ́kúta mọ́ ọn, nítorí ojú kan ló wà; táǹkì tirẹ̀ ni kí a gbé kalẹ̀ fún un, kí ọkọ̀ ńlá láti dẹ́pò máa já epo síbẹ̀. Fún irú sáìtì yìí, táǹkì lítà 3,000 tó lórí ọkọ̀. Yóò yí gbogbo ẹ̀rọ ká, yóò sì ṣẹ́ kù fún ọjọ́ kejì bí dẹ́pò bá jáni kulẹ̀. Tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀ péré ni lítà 3,000. Ohun tí a dín kù yẹn la ó fi ráyè gbé ọ́ìlì, fílítà àti irinṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń fẹ́ táǹkì ńlá ń rò. Dísù gbówó lórí gan-an ní 2022 lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, ó sì ti kọjá ₦1,000 lítà kan ní 2024. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí ìyẹn á fẹ́ rà á pamọ́ nígbà tó bá wálẹ̀. Kò burú. Àmọ́ inú táǹkì yáàdì ni kí ó ti pa á mọ́, níbi tí ilẹ̀kùn àti ọlọ́dẹ wà. Epo tó ń rìn kiri lórí táyà ń jẹ dísù mìíràn kó tó dé ibi tó ń lọ, ó sì léwu ju èyí tó dúró lọ.

Ewu yẹn gan-an, kì í ṣe ìgbà tí táǹkì kún ló pọ̀ jù, ìgbà tó bá dé ìdajì ni. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú kòtò kúárì tí dírẹ́bà tẹ búréèkì, epo á rọ́ síwájú, á ta ọkọ̀ nù bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Ní kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò rọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jó àwọn irin pẹlẹbẹ tó ní ihò sínú táǹkì, kí epo má lè sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹ má gba ẹnu wẹ́dà gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ẹnu táǹkì, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ kà á. Bí ihò rẹ̀ bá sì ga ju ilẹ̀ táǹkì lọ, omi àti ìdọ̀tí kò ní ráyè ṣàn dé ibi tí a ó ti dà wọ́n nù.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀ nìyí. Omi àti ìdọ̀tí inú dísù ni ohun tí mo rí tó ń pa ẹ̀rọ jù ní gbogbo iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ agbépo sì ni ibi tí a ti lè dá wọn dúró. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè fara da ìdọ̀tí díẹ̀. Ti òde òní tó ń lo common rail, níbi tí páìpù kan ti ń pín epo tí a fi agbára tẹ̀ sí gbogbo nọ́súlù tó ń fín in sínú ẹ́ńjìnnì, kò lè fara dà á: epo inú rẹ̀ ń dé agbára 2,000 bar, àyè tó wà láàárín irin àti irin nínú nọ́súlù rẹ̀ kò sì ju máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) mélòó kan lọ. Irun orí èèyàn nípọn tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tí ojú wa kò lè rí ló ń ba nọ́súlù jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń lo ìwọ̀n ISO 4406 láti sọ bí epo ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, 18/16/13 ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè fún dísù tó ń wọ táǹkì ẹ̀rọ; bí nọ́ńbà wọ̀nyí bá ṣe kéré tó ni epo ṣe mọ́ tó. Epo tó gba inú kẹ́ẹ̀gì àti àrọ kọjá kò lè mọ́ débẹ̀.

Ní àràárọ̀, kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní yáàdì, dírẹ́bà máa ń gbé ìgò tó mọ́ gaara sábẹ́ tápù tó wà níbi tí táǹkì ti lọ sílẹ̀ jù, á ṣí i díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe dísù rárá, omi ni. Ó gbé ìgò náà lé orí bọ́ńpà, gbogbo wa dúró tì í. Kò pẹ́ tó fi pín sí mẹ́ta: omi nísàlẹ̀, dísù lókè, àti ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn tó pọ́n bí amọ̀, tó ń yọ̀ bí a bá fi igi kàn án. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń dàgbà níbẹ̀. Inú omi ni wọ́n ń gbé, dísù ni wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n ń yà sílẹ̀ ló sì ń di fílítà pa. Kò sí omi, kò sí wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún ní láti rán dírẹ́bà létí tápù yẹn mọ́.

A wá ibi tí omi náà ti wọlé, a rí i: rọ́bà ẹnu táǹkì lókè ti gbẹ, ó ti sán, omi òjò sì ń dúró yí i ká nítorí pé wọn ò ṣe ẹnu táǹkì náà kó ga sókè díẹ̀ ju òrùlé táǹkì lọ. Ohun kékeré báyìí ni, kò sì sí nínú ohun tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ. Ọ̀nà kejì tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé ni ihò afẹ́fẹ́. Bí lítà 100 bá jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ lítà 100 ló ń wọlé rọ́pò rẹ̀, afẹ́fẹ́ kúárì sì kún fún eruku. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ ní fílítà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ táǹkì tí wọ́n ṣe níbí, páìpù tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀ lásán ni wọ́n fi síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí òru tutù tí ọ̀sán sì gbóná, omi inú afẹ́fẹ́ á máa sẹ̀ sára irin táǹkì tó ṣófo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu epo kún ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí òru má bá táǹkì lófìfo.

Fílítà méjì ló yẹ kó wà láàárín pọ́ǹpù ọkọ̀ àti họ́ọ̀sì: ọ̀kan fún ìdọ̀tí ńlá, ọ̀kan tó ń mú ìdọ̀tí kékeré àti omi. Kí aago ìwọ̀n agbára wà lára rẹ̀, kí a lè mọ̀ bó bá ti dí. Ẹni tó bá ní fílítà ara ẹ̀rọ ti tó, ẹ bi í pé èwo ló rọrùn láti pààrọ̀, ti ọkọ̀ kan tàbí ti gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní sáìtì. Kí ẹnu họ́ọ̀sì ní ìdérí, kí ó sì ní ibi tí a ń fi kọ́ lára ọkọ̀. Mo máa ń ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ: họ́ọ̀sì tó bá ti jábọ́ sílẹ̀, ẹ nù ún kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ẹ béèrè ohun tí táǹkì ti gbé rí. Táǹkì tòkúnbọ̀ tó gbé bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀, tí wọn ò fọ̀ dáadáa, tí a wá ń rọ dísù sí, léwu gidi. Òórùn bẹntiróòlù ṣì wà nínú rẹ̀, dísù tó ń sáré wọlé sì lè fa iná mànàmáná kékeré tí yóò ṣáná sí i. Nítorí ìyẹn ni okùn wáyà tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti mọ́ ilẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo fi ṣe pàtàkì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé iná wẹ́dà sún mọ́ táǹkì tí wọ́n sọ pé ó ti gbẹ. Táǹkì gbígbẹ ló ń bú gbàmù, nítorí òórùn epo ló kún inú rẹ̀. Fífọ̀ nìkan kò tó. Kí wọ́n fi omi kún un dé ẹnu ibi tí wọ́n fẹ́ jó, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú wà níbẹ̀. Ohun mìíràn: ẹ má gba páànù tí wọ́n fi síǹkì bò fún inú táǹkì dísù. Wọn á ní kò ní dípẹtà. Síǹkì ń bá dísù jà, ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ á sì lọ lẹ̀ mọ́ fílítà àti nọ́súlù.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n epo dá ìjà sílẹ̀ ní yáàdì wa. Ọkọ̀ gbé lítà 3,000 ní dẹ́pò ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọ̀gá fi ọ̀pá wọn táǹkì, ó dín ní bíi lítà 30. Ọ̀gá bínú. Dírẹ́bà wa, àgbàlagbà ni, ó dúró, ó ní, “Ẹ́ńjíníà, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mi ò fọwọ́ kan epo yìí.” Mo ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.” Dísù ń wú bí ó bá gbóná, ó ń sún kì bí ó bá tutù: lórí lítà 1,000, ìyàtọ̀ ooru 1°C péré ń mú bíi lítà 0.8 wá. Epo tó gbóná dé 38°C ní ọ̀sán tó wá tutù sí 26°C ní ìdájí, lórí lítà 3,000, á dín ní bíi lítà 30. A ṣe ìṣirò náà sórí ìwé lójú ọ̀gá. Wọ́n kà á, wọ́n sì bẹ Bàbá lójú gbogbo wa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ni wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí epo tí wọn ò jí. Ooru yìí náà ló fà á tí a kì í fi kún táǹkì dé ẹnu.

Mi ò sọ pé kò sí olè epo. Ó wà. Ìdí nìyẹn tí mítà tó ń ka lítà fi gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀, kí ó sì ní ohun tó ń ya afẹ́fẹ́ kúrò kí epo tó dé inú rẹ̀. Bí táǹkì bá ń tán, afẹ́fẹ́ á wọ pọ́ǹpù, mítà á sì máa kà á mọ́ epo. A ní agolo lítà 20 tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú, òun la fi ń dán mítà wò lóòrèkóòrè. Nọ́ńbà mítà, wákàtí tó wà lójú aago ẹ̀rọ àti iye lítà tó wọlé ni a ń kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn máa ń fi àìsàn ẹ̀rọ hàn ká tó gbọ́ ohùn rẹ̀: ẹskabétọ̀ tó ń mu 16 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ tó wá ń mu 21 lórí iṣẹ́ kan náà ní ohun tó ń ṣe é.

Ní ti ọ́ìlì, ìmọ̀ràn mi kò gùn: ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù tirẹ̀, họ́ọ̀sì tirẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 15W-40, ọ́ìlì haidírọ́líìkì 68, ọ́ìlì jíà, gíríìsì, àti omi rẹ́dítọ̀. Bí ẹni kan bá fi họ́ọ̀sì ọ́ìlì jíà bu sí jíà péélódà tí kò gba irú rẹ̀, búréèkì inú rẹ̀ á máa yọ̀, àwọn irin pupa inú rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Kò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló fi burú. Pọ́ǹpù tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù fún ọ́ìlì àti gíríìsì, nítorí kò ní wáyà tó lè ṣáná, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń gbé e á sì tún fẹ́ eruku kúrò lára rẹ́dítọ̀, á fẹ́ táyà. Gíríìsì tó ti inú rílì wá tí wọ́n ń yìn wọ píìnì búkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ bù nínú kèrègbè tí kò ní ìdérí.

Ọkọ̀ tó ń gbé ọ́ìlì tuntun lọ gbọ́dọ̀ gbé ọ́ìlì dúdú bọ̀. Ní gbogbo wákàtí 250 tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ lítà ọ́ìlì dúdú yìí ló ń jáde. Ojú mi ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí ó máa ṣàn sínú ilẹ̀. Ó ń dùn mí. Láti Àrákàńgà ni wọ́n ti ń fa omi Odò Ògùn fún ìlú wa, odò kan náà ni Èkó tún ń fa ní Àkútè fún iléeṣẹ́ omi Ìjú àti Adíyan. Lítà ọ́ìlì dúdú kan péré lè ba omi tó pọ̀ ju ohun tí ìdílé kan lè mu láyé wọn lọ jẹ́. Nítorí náà, kí táǹkì kan wà lórí ọkọ̀ fún ọ́ìlì dúdú nìkan, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń fà á látinú ẹ́ńjìnnì láì kán sílẹ̀. Kí a má sì fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí a ò mọ ohun tó fẹ́ lò ó fún.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju ẹskabétọ̀ kan àti péélódà kan lọ kò nílò lọ́rì. Hilux tó gbé táǹkì irin lítà 500 tó ní pọ́ǹpù bátìrì, mítà àti fílítà ti tó. Kó má gbé lítà 1,000 o. Kílò 840 ni epo nìkan, ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn kò gba táǹkì àti èèyàn. Fún lọ́rì, mo máa ń béèrè bóyá táyà iwájú náà ń wa ara rẹ̀, nítorí amọ̀ pupa ìhà wa ń yọ̀ gan-an nígbà òjò, àti bóyá a lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó láàárín ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ apaná kílò 9 méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, tí òfin epo ti 2021 gbé kalẹ̀, ẹ wádìí ohun tó kan irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó sanwó.

Ọkọ̀ kejì la ń ṣe báyìí, fún iṣẹ́ ọ̀nà kan ní ìhà Ayétòrò. Ọ̀gá fẹ́ lítà 5,000 tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbà sí 3,000, kí owó tó ṣẹ́ kù lọ sórí fílítà, rílì àti férémù. Ohun tí a ò tíì fẹnu kò lé lórí ni bí pọ́ǹpù yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Bàbá dírẹ́bà ní kí a gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sẹ́yìn fún un, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lè sinmi bí wọ́n bá ń rọ epo. Èmi ní kí ó máa fa agbára láti inú jíà ọkọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì méjì ni ìtọ́jú méjì, ẹ́ńjìnnì kékeré tó bá sì ń lo bẹntiróòlù kò yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Bàbá ní òun lè rí èyí tó ń lo dísù. Bó bá rí i, tó sì wà níwájú táǹkì pẹ̀lú irin ìdènà láàárín, mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní bá wọn jiyàn mọ́.